Síkáànù fún Ìyá tí Ilé-Ọmọ Rẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀

Ní Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn, bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ tàbí aláàárù bá mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń yọ bọ̀ lójú ara, ìtìjú lè pa á lẹ́nu mọ́. Àìsàn ni, kì í ṣe èpè: iṣan tí ó gbé ilé-ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ró ni ó dẹ̀.

Dókítà a kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ ohun gbogbo. Síkáànù ń fi ìró tí etí kò gbọ́ ya àwòrán. Kò lo ìtànṣán X-ray. Nígbà tí obìnrin náà bá fi ipá tì sísàlẹ̀ bí ẹni tí ń rọbí, àwòrán náà a fi èyí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ hàn, àti bóyá iṣan ti ya kúrò lára egungun nígbà ìbímọ. Èyí ń ran dókítà lọ́wọ́ láti yàn láàárín ìdárayá iṣan, òrùka tí ń gbé ilé-ọmọ ró, àti iṣẹ́ abẹ.

Kí ìyá kankan má ṣe fi í pamọ́. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu. UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, kò sì jìnnà.