Bí Gbogbo Fóònù Ṣe Wá Jọ Ara Wọn

Lọ́dún 2004, ilé-iṣẹ́ Nokia gbé fóònù kan jáde tí wọ́n pè ní 7280. Kò ní bọ́tìnnì nọ́ńbà kankan lára. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn èèyàn sì ń pè é ní fóònù lípístíìkì. Ohun róbótó kan wà lára rẹ̀ tí èèyàn máa ń fi àtàǹpàkò yí títí tó fi máa kan orúkọ ẹni tó fẹ́ pè, bí iná ojú rẹ̀ bá sì kú, ojú náà á di dígí téèyàn lè fi wo ara rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ilé-iṣẹ́ kan náà ti ta 3650, tí bọ́tìnnì rẹ̀ tò yí po bíi ti tẹlifóònù àtijọ́ tí wọ́n máa ń fìka yí. Wọ́n ti ta 7600 tó rí bí ewé, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì ojú rẹ̀. Wọ́n ti ta N-Gage, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lèèyàn máa kọ sétí kó tó lè sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò rọrùn láti lò. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ géèmù nínú N-Gage gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ bátìrì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to gbogbo wọn sórí tábìlì, ọmọdé pàápàá á mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra láti òkèèrè.

Ẹ wá lọ sí Kọ̀ǹpútà Village n'Ìkẹjà lónìí, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tajà to fóònù ńlá mẹ́wàá sílẹ̀, kó pa iná ojú gbogbo wọn. Pátákó dúdú mẹ́wàá lẹ máa rí. Kí ẹ tó mọ èyí tí owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà nínú wọn, ẹ ní láti dojú wọn bolẹ̀ kí ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn wọn. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé fóònù ìsinsìnyí kò ní ohun tuntun nínú mọ́, pé nọ́ńbà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kàn ń fi kún orúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ohun tó fà á kì í ṣe pé ọgbọ́n tán nínú àwọn tó ń ṣe fóònù.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1973 ni Martin Cooper, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Motorola, dúró létí títì kan nílùú New York, tó fi fóònù tí kò ní wáyà pe Joel Engel tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Bell Labs. Ohun tó gbé sétí lọ́jọ́ náà wúwo ju kílò kan lọ. Nígbà tí irú rẹ̀ fi máa dé ọjà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, dọ́là 3,995 ni wọ́n ń tà á. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ tó gbawájú lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà ni bí wọ́n ṣe máa sọ nǹkan ńlá yìí di ohun tí àpò ṣẹ́ẹ̀tì lè gbà. Motorola StarTAC tó ń pa dé, tó jáde lọ́dún 1996, fi hàn pé ó ti ń ṣeé ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, fóònù ti kéré tó bó ṣe yẹ, ó wá ku ohun tí wọ́n máa fi kún un.

Nígbà yẹn, iṣẹ́ fóònù wà lára fóònù. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kí fóònù ṣe iṣẹ́ tuntun kan, wọ́n ní láti wá ibi tí iṣẹ́ náà máa gbé sára rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò fún un, kí wọ́n fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Sharp ló ki kámẹ́rà bọ ẹ̀yìn J-SH04 tí wọ́n tà ní Japan lọ́dún 2000. Nígbà tí Sony Ericsson fẹ́ kí W800 máa kọrin lọ́dún 2005, wọ́n fún orin ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lára fóònù náà. Èyí tó wú mi lórí jù ni Nokia N95 tó dé ọjà lọ́dún 2007. Bí ẹ bá ti ojú rẹ̀ sókè, bọ́tìnnì nọ́ńbà á yọ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá tì í sísàlẹ̀, bọ́tìnnì orin á yọ lókè, àwòrán ojú rẹ̀ á sì dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń mọ iṣẹ́ tí fóònù fẹ́ ṣe, kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, gbogbo ohun tuntun tí wọ́n bá ṣe nígbà yẹn ló máa ń hàn sójú táyé, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú mọ́tò á rí i, á sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun wò ó.

Àwa tá a wà ní Nàìjíríà nídìí mìíràn tí nǹkan fi jọ wá lójú nígbà náà. Títí di ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ọwọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ni èyí tó pọ̀ jù sì wà. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM, tí ìṣẹ́jú kan ń gba náírà 50. Fún ẹni tí kò ní tẹlifóònù rí láyé rẹ̀, fóònù yòówù tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ tuntun ni. Mi ò ní ká yọ ìyẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ara ìdùnnú tí à ń rántí ni ìdùnnú pé a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara wa láti ọ̀nà jíjìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹ gbé Nokia 1100 tó jáde lọ́dún 2003 yẹ̀ wò. Kò ní kámẹ́rà, ojú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ kankan. Rọ́bà kan ṣoṣo ló bo gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí eruku má bàa ráyè wọlé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí ṣákiṣàki kó má bàa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń làágùn. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì tẹ bọ́tìnnì C mọ́lẹ̀ díẹ̀, iná á tàn. Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti mú iná lọ lóru mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èékánná lẹ máa fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa yọ bátìrì BL-5C, ẹ máa fi há ẹnu cháájà tí à ń pè ní dẹ́sítọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹ máa ki òmíràn sínú fóònù, ẹ máa bá tiyín lọ. Títí dòní, bátìrì yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rédíò kékeré tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 ẹyọ 1100 tí Nokia tà, nígbà tí iye gbogbo fóònù tí ilé-iṣẹ́ náà ti tà láyé sì pé bílíọ̀nù kan lọ́dún 2005, 1100 kan tí ẹnì kan rà ní Nàìjíríà ni wọ́n kà sí ẹyọ tó pé e. Àwọn tó ṣe fóònù yẹn ti ro eruku, òógùn àti òkùnkùn kí wọ́n tó fa ìlà kan sórí ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2007 dé, tí Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple, gbé iPhone jáde ní San Francisco. Bí a bá fi iṣẹ́ tó lè ṣe wé ti N95, iPhone àkọ́kọ́ yẹn kò dé ibì kan. Kò ní 3G. Kò lè ya fídíò, kò lè fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kámẹ́rà rẹ̀ kò ju mẹ́gápíìsẹ́lì 2 lọ nígbà tí ti N95 jẹ́ 5. Ohun tó ní ni gíláàsì tó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta àbọ̀, tó ń mọ ìka ọwọ́ lára nítorí iná mànàmáná kékeré tí awọ ara wa máa ń gbà kọjá. Fóònù tí kò ní bọ́tìnnì nọ́ńbà ti wà tipẹ́, IBM Simon ti wà lọ́jà lọ́dún 1994, ṣùgbọ́n ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ irú ojú bẹ́ẹ̀. Èyí kò nílò bírò. Ojú gíláàsì náà dà bíi síléètì ọmọ iléèwé: bí ẹ bá fẹ́ pe èèyàn, nọ́ńbà á hù sórí rẹ̀; bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, lẹ́tà á hù; bí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tuntun kò nílò ara tuntun mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2008, Apple ṣí ọjà áàpù rẹ̀ pẹ̀lú áàpù bíi 500, Android, ètò tó ń darí fóònù àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, náà sì dé lọ́dún yẹn kan náà. Ohun tó ti máa gba Nokia lọ́dún méjì, kí wọ́n ya irin kí wọ́n sì yọ́ rọ́bà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè jókòó sílé kó kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń kọ áàpù wá di ẹni tó ń pinnu bí fóònù ṣe máa rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe fóònù. Ojú gbọọrọ tó dúró gangan ni wọ́n ń kọ áàpù fún. BlackBerry rí i. Fóònù tí ọmọ Nàìjíríà ń fi PIN rẹ̀ yangàn ni, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Passport jáde lọ́dún 2014, tí ojú rẹ̀ ṣe déédéé lórí igun mẹ́rin, tó sì ní bọ́tìnnì lẹ́tà gidi nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ áàpù kò bá ojú náà mu. Lọ́dún 2016, BlackBerry sọ pé òun kò ní fọwọ́ ara òun ṣe fóònù mọ́. Nokia ti ṣáájú wọn gbà fún Microsoft, tó ra iṣẹ́ fóònù wọn nínú àdéhùn tí wọ́n kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013.

Ohun kejì tó sọ fóònù di ọ̀kan náà ni ibi tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá. Sony ló ń ṣe ojú kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọwọ́ Qualcomm tàbí MediaTek ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ra ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ fóònù. Google ló ni Android. Nígbà tí iPhone X jáde lọ́dún 2017, ọ̀dọ̀ Samsung, tí òun àti Apple jọ ń du ọjà, ni ojú rẹ̀ ti wá. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ti gbéra wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ara ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí ni ẹni tó ni pátákó onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ rí róbótó. Àǹfààní tí ẹ̀yà àjọrà yìí mú wá kì í ṣe kékeré o. Òun ló jẹ́ kí fóònù ńlá dé ọwọ́ ẹni tí kò ní owó rẹpẹtẹ. Òun ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Tecno lè wá sí Áfíríkà pẹ̀lú fóònù onísíìmù méjì, nígbà tí pípe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ń jẹ owó, tí èèyàn sì ń gbé fóònù méjì kiri. Ohun tuntun tòótọ́ ni mo ka ìyẹn sí, nítorí ìṣòro ẹni tó ń lò ó ni wọ́n wò.

Ẹni tó bá sọ pé kò sí ẹni tó gbìyànjú ohun mìíràn kò sọ òótọ́. Google fẹ́ ṣe fóònù tí èèyàn lè máa tú ẹ̀yà ara rẹ̀ kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, Project Ara ni wọ́n pè é, wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dún 2016. LG ṣe Wing lọ́dún 2020, tí ojú rẹ̀ kan máa ń yí dùbúlẹ̀ tí òmíràn á wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2021, LG kéde pé òun ń fi iṣẹ́ fóònù sílẹ̀. Ọjà kò gbà wọ́n mọ́ra. Irú fóònù tó ń ṣẹ́ po bíi Galaxy Fold, tí Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 2019 ní dọ́là 1,980, ló ṣì ń rìn, Huawei náà sì ti ṣe èyí tó ń ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i tán, gíláàsì tí ẹ ti mọ̀ náà ni, ó kàn fẹ̀ sí i ni.

Ibo wá ni ohun tuntun lọ? Ó wọ inú lọ. Kámẹ́rà ìsinsìnyí máa ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì pa wọ́n pọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo kí òkùnkùn má bàa borí ojú èèyàn. Tecno tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kí awọ dúdú lè hàn bó ṣe rí gan-an, dípò kí a máa rí eyín àti ẹyinjú nìkan. Orí gíláàsì yẹn ni ìyá aláta ti ń wo owó tó wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹni tó rajà lọ. Àwọn ohun ńlá nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú mọ́tò máa rí wọn, bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóru nínú fóònù tí ẹ ti ní, ẹ̀yin alára lè má mọ̀.

Ohun tó dùn mí nínú gbogbo èyí kì í ṣe pé fóònù kò rí bí ewé mọ́. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló dùn mí. Nígbà tí ara fóònù kò ní iṣẹ́ kankan tó kù ju kó gbé gíláàsì dúró, ohun tó kù láti fi ta á ni kó tín-ín-rín, kó má sì jẹ́ kómi wọlé, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Bátìrì wọnú, kò ṣeé yọ mọ́. Lọ́dún 2016, iPhone 7 pa ihò tí à ń ki wáyà etí bọ̀ rẹ́, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2020, cháájà kúrò nínú páálí iPhone. Owó fóònù kò tìtorí ìyẹn wálẹ̀. Ẹni tó ní 1100 lè fi èékánná tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ẹni tó ní fóònù mílíọ̀nù kan náírà lónìí ní láti lọ jókòó níwájú ẹni tó ń fi iná gbígbóná yọ gọ́ọ̀mù, kó máa gbàdúrà kí ojú rẹ̀ má là.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fọkàn sí iṣẹ́ àwọn aṣòfin ju ayẹyẹ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń gbé fóònù tuntun jáde lọ. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé ojú cháájà USB-C ni gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lò, Apple sì ti yí ti iPhone padà lọ́dún 2023 kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, òun ló ní kí bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá lè pẹ́ gan-an. Fóònù tòkunbọ̀ láti Yúróòpù kò wọ́n n'Ìkẹjà. Ohun tí wọ́n bá fi òfin tún ṣe lóhùn-ún, ọwọ́ wa ló máa bọ́ sí lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta.