Ẹ̀KỌ́ FÍSÍÌSÌ ÀTI ỌMỌ TÍ KÒ ṢE SÁYẸ́ǸSÌ

Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá wọ kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdírì, a máa ń pín wọn: àwọn kan sí ìhà sáyẹ́ǹsì, àwọn kan sí ìhà ìwé àti òfin, àwọn mìíràn sí ìhà òwò. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò ṣe sáyẹ́ǹsì a wí pé, “Físíìsì kì í ṣe tèmi.” Ọ̀pọ̀ òbí a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, ewu sì ń bẹ nínú rẹ̀.

Kí ni físíìsì? Òun ni ẹ̀kọ́ nípa òfin tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ohun gbogbo: bí ohun ti ń wúwo, bí ó ti ń gbóná, bí ó ti ń rìn, àti bí ó ti ń dúró. Òfin wọ̀nyí kì í béèrè bí ènìyàn jẹ́ amòfin tàbí oníṣòwò kí wọn tó mú un.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, tí ó gba Ibafo àti Mowe kọjá ní Ọbáfẹ́mi-Owódé wa níhìn-ín. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ a dúró, ṣùgbọ́n ara èrò a ṣì máa lọ síwájú. Isaac Newton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin yìí sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1687: ohun tí ń rìn yóò máa rìn lọ títí agbára mìíràn yóò fi dá a dúró. Bí bẹ́líìtì kò bá dá ènìyàn dúró, gíláàsì ni yóò dá a dúró.

Ìkejì yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ tí ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá ń fẹ́ nǹkan bí mítà 14 kí ó tó dúró lẹ́yìn tí bíréèkì ti mú un, ẹ ó rò pé bí ó bá ń sá 100, mítà 28 ni yóò fẹ́. Rárá o! Mítà 56 ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ń bẹ nínú ọkọ̀ náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí òjò bá sì rọ̀, a tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ onímọ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó mọ èyí? Ó yẹ awakọ̀. Ó yẹ adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìjàǹbá. Ó yẹ oníṣòwò tí ń di ẹrù lé ọkọ̀. Ó sì yẹ ìyá tí ń gbé ọmọ lé itan ní iwájú ọkọ̀.

A máa ń gbàdúrà kí a tó gbéra, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátánì rọ Olúwa wa pé kí ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, Ó kọ̀. Ẹni tí ń sá eré àsápajúdé lẹ́yìn àdúrà ń ṣe ohun tí Olúwa kọ̀ láti ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ mú ọmọ yín jáde ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí ó gbé ìgbésẹ̀ gígùn 14, kí ẹ fi òkúta sàmì sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó lọ títí dé 56. Ẹ jẹ́ kí ó bojú wẹ̀yìn wo òkúta náà. Físíìsì nìyẹn, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.