Ẹni Tó Sanra, Ṣé Dandan Ni Kó Sanwó Ju Ẹlòmíì Lọ?

Bonanjo ni ọ́fíìsì ìjọba, báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá pọ̀ sí nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùn. Obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ múra dáadáa lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó sanra, bóyá ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni o, bóyá ó gbé ańkárá lọ bá télọ̀ ni o, ìbéèrè kan wà tí kò lè yẹ̀ ẹ́: ṣé torí pé òun tóbi lára ló ṣe yẹ kóun sanwó ju ẹlòmíì lọ?

Ẹjọ́ oníṣọ́ọ̀bù

Ká má parọ́, sáìsì ńlá ń jẹ aṣọ. Yáàdì mẹ́fà ni odindi ańkárá kan ní Douala, ẹni tó bá fẹ́ sì lè ra ìdajì. Ohun tó máa tó obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ fún búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì lè má tó obìnrin tó sanra. Gígé rẹ̀ náà níṣẹ́ nínú. Bí ìbàdí ṣe ń fẹ̀ kọ́ ni èjìká ń fẹ̀, nítorí náà, èèyàn ò kàn lè mú aṣọ kékeré kó fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó di dandan kí wọ́n wọn ọ̀pọ̀ nǹkan lákọ̀tun. Bí sáìsì ńlá bá tún pẹ́ lórí àtẹ kó tó tà, owó ọlọ́jà ló há síbẹ̀.

Ẹjọ́ oníbàárà

Àmọ́ owó aṣọ nìkan kọ́ ló wà nínú iye tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà. Owó ilé, owó iná, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń lé sí i torí pé ìbàdí ẹnì kan fẹ̀. Láti orí sáìsì tó kéré jù títí dé èyí tó wà láàárín, aṣọ ń pọ̀ sí i bákan náà, síbẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń tà á. Ó dìgbà tó bá kan ẹni tó sanra kí wọ́n tó rántí ìwọ̀n. Ta ni wọ́n dín owó kù fún rí torí pé ó tínrín? Ibi tọ́rọ̀ náà ti ń dunni nìyẹn: ó dà bíi pé wọ́n ń gba owó ìtanràn ara lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè òkun

Níbi tó jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti di awuyewuye. Lọ́dún 2014, àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ Old Navy ní Amẹ́ríkà rí i pé ṣòkòtò jíìnsì àwọn obìnrin tó sanra fi dọ́là méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, àmọ́ wọn ò fi kọ́bọ̀ lé ti àwọn ọkùnrin tó sanra. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Lọ́dún 2018, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí New Look ní Britain, iléeṣẹ́ náà sì ní àwọn máa yẹ iye náà wò.

Nígbà tó di 2021, Old Navy fúnra rẹ̀ sọ gbogbo sáìsì obìnrin di iye kan náà. Àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, sáìsì tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù kún ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àwọn tó wà láàárín ti tán. Ni wọ́n bá dín iye sáìsì tí wọ́n ń kó sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kù. Òótọ́ ni pé iye kan náà dáa, àmọ́ ọlọ́jà tún gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó ń bá òun rajà.

Ọgbọ́n tó wà nínú kaba

Douala ní ìdáhùn tiẹ̀. Kaba ngondo, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin Sawa ń wọ̀, kì í béèrè sáìsì. Láti èjìká ló ti ń ṣàn wálẹ̀ láìfún ìbàdí, ẹni tó tínrín àti ẹni tó sanra sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ọdún Ngondo létí odò Wouri.

Ilé wa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń pín aṣọ ẹbí, iye yáàdì kan kì í yàtọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mẹ́rin tó á ra mẹ́rin, ẹni tó nílò mẹ́fà á ra mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ń bínú, torí gbogbo èèyàn mọ ohun tóun sanwó fún.

Ibi tí òdodo wà

Bó bá jẹ́ pé aṣọ ni ṣọ́ọ̀bù ń ṣírò, kó ṣírò rẹ̀ fún gbogbo èèyàn: kó dín in kù fún ẹni kékeré, kó sì fi kún ti ọkùnrin ńlá bó ṣe fi kún ti obìnrin ńlá. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó ta gbogbo ẹ̀ ní iye kan náà. Kó sì kọ iye náà síta, kó má dìgbà tí oníbàárà bá ti wọ aṣọ náà wò kó tó gbọ́ pé owó ti lé sí i.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ ṣọ́ ẹnu yín níwájú àwọn ọmọbìnrin yín nínú ṣọ́ọ̀bù. “Aṣọ yìí kò gbà ọ́” sàn ju “O ti sanra jù” lọ. Aṣọ la lè pààrọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ ọmọ lọ́kàn kì í tètè jáde.