Ohun ìṣeré aláriwo: ohun tó lè ṣe fún etí ọmọ, àti bí ẹ ṣe lè pa á lẹ́nu mọ́

Kò sí ọdún Kérésìmesì tàbí ọjọ́ ìbí tí àbúrò bàbá kan tàbí ọ̀rẹ́ ìyá kan kò ní gbé ohun ìṣeré oníbátìrì wọlé: mọ́tò ọlọ́pàá tó ń ké wìú-wìú, dùùrù kékeré, bèbí tó ń kọ orin kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó mú ẹ̀bùn wá á ti délé rẹ̀ sùn, àwọn ará ilé ni ariwo kù fún. Àwàdà la sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe, bí ẹni pé ẹ̀fọ́rí òbí nìkan ló wà níbẹ̀. Etí ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ààbò tí wọ́n ń pè ní ASTM F963, tí òfin ọdún 2008 sọ di dandan, ní ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré kò gbọdọ̀ dún ju dẹ́síbẹ̀lì 85 lọ. (Òdiwọ̀n ti àwọn tí ọmọ máa ń gbé sétí tún kéré sí i.) Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń wọn ìró náà: sẹ̀ǹtímítà 50 síbi tí ohun ìṣeré wà. Apá ọmọ ọdún méjì kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ọmọ wo ni kò sì ní gbé ohun tó ń kọrin sún mọ́ etí kó lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Bí àlàfo bá ti dín sí ìdajì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 ló máa ń lé sí i. Èyí tó jẹ́ 85 ní sẹ̀ǹtímítà 50 lè tó 97 ní sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, gbà pé kí ènìyàn má gbọ́ ariwo dẹ́síbẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Tí 3 bá lé, kí àkókò dín sí ìdajì. Tó bá di 97, ìṣẹ́jú 30 péré ló kù. Àgbàlagbà ni wọ́n sì ṣírò ìyẹn fún.

Nínú etí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun wínníwínní ló ń gba ìró ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo líle máa ń pa wọ́n, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ti adìẹ máa ń hù padà o; ọmọ ènìyàn kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà.

Lójú tèmi, ohun mìíràn wúwo ju ariwo lọ. Lọ́dún 2015, Anna Sosa ti Fásitì Northern Arizona gbé ìwádìí jáde nínú JAMA Pediatrics lórí òbí 26 àti ọmọ wọn tó jẹ́ oṣù 10 sí 16. Nígbà tí ohun ìṣeré bá ń sọ̀rọ̀, àwọn òbí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé ni wọ́n fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ jù. Bèbí oníbátìrì lè ka A, B, D, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ọmọ yín.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ àwọn ihò tí ohùn ń gbà jáde, ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá ní bọ́tìnì tó ń dín ohùn kù, ẹ lò ó. Tí kò bá gbọ́, ẹ yọ bátìrì rẹ̀; mọ́tò á ṣì máa yí. Ìgbà tí àǹtí tó fún un bá fẹ́ wá kí yín, ẹ dá a padà sínú rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra fún bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnì: tí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn tààrà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀bùn, ẹ gbé e sí etí ara yín ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá dùn yín létí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ ra bọ́ọ̀lù.