Kọ̀ǹpútà Géèmù fún Ọmọ Wa: Bí A Ṣe Lè Yàn Án Láìgbára Lé Windows

Láàárín àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí nígbà tí ìsìn bá parí, èyí tí ó ń pọ̀ sí i kì í ṣe ti Ìwé Mímọ́. Ti kọ̀ǹpútà ni. Ọmọ ti wọ kíláàsì àgbà; ó ń fẹ́ láptọ́ọ̀pù tí yóò fi kàwé, tí yóò fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, tí yóò sì fi ṣe géèmù. Bàbá wà ní Abidjan, ìyá wà ní Masifa, owó tí ó wà nílẹ̀ kò sì lè ra méjì.

Àwọn kan nínú wa gbà pé géèmù fúnra rẹ̀ ni ó burú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n sì fi kọ́ ìṣirò àti sùúrù. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ọ̀nà tí géèmù ń gbà wọ inú ilé: Windows tí oníṣòwò fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ ṣí, àti géèmù tí ẹnìkan já àgádágodo rẹ̀ tí ó sì ń pín in kiri lórí fíláàṣì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 lòdì sí i. Òfin kẹjọ nínú Òfin Mẹ́wàá sì ti lòdì sí i tipẹ́tipẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń bá wọlé. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní olè jíjà nínú, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ètò ìpìlẹ̀ kan wà tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft ni ó gbajúmọ̀ jù, nítorí náà òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe géèmù ń kọ iṣẹ́ wọn fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í gba kọ̀ǹpútà àtijọ́: bí ó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni ó ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí agbára wa ká ni kò tó ìran kẹjọ.

Ètò kejì ni Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Oríṣiríṣi ẹ̀ya rẹ̀ ni ó wà. Èyí tí a mọ̀ jù ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní 2004. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, ó sì súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní ọmọlúàbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ètò yìí jẹ́ sí wa. Android tí ó wà nínú fóònù yín, orí Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama láti 2013, Android ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti lo Linux kí àwa òbí tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Báwo wá ni géèmù tí wọ́n kọ fún Windows yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí Linux? Ẹ rántí ògbufọ̀ tí ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù tí kò gbọ́ Yorùbá. Oníwàásù kò yí èdè rẹ̀ padà, ìjọ kò sì kọ́ èdè tuntun. Ògbufọ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Láti 1993 ni àwọn kan ti ń ṣe irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní Wine. (Kì í ṣe ọtí, ẹ fọkàn balẹ̀.) Ní oṣù Kẹjọ 2018, ilé-iṣẹ́ Valve ti Amẹ́ríkà, tí ó ni ọjà géèmù ńlá tí ń jẹ́ Steam, mú Wine, ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ ní Proton. Ní oṣù Kejì 2022 ó gbé ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kan jáde, Steam Deck, tí ó ń lo Linux láti ilé-iṣẹ́ wá. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù Windows ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ọmọ kò sì ní láti mọ̀ pé ògbufọ̀ kan wà láàárín.

Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí kò gba ògbufọ̀ rárá. Èyí tí ó kan àwọn ọmọkùnrin wa jù ni ti bọ́ọ̀lù. Láti FIFA 23 títí dé EA Sports FC 25, ilé-iṣẹ́ EA fi ẹ̀ṣọ́ kan sínú géèmù náà láti mú àwọn tí ń ṣe màgòmágó, ẹ̀ṣọ́ náà kò sì gbà kí ó ṣiṣẹ́ lórí Linux. Bákan náà ni Fortnite àti Valorant. Football Manager 2024 ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Minecraft ẹ̀dà ti Java, Counter-Strike 2 àti Stardew Valley kò tilẹ̀ nílò ògbufọ̀, nítorí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ti Linux fún wọn. SuperTuxKart, eré ìje ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ ní orúkọ géèmù tí ó fẹ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì wá orúkọ náà lórí ProtonDB, níbi tí àwọn tí ó ti lò ó ń sọ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé EA Sports FC nìkan ni ó wà lọ́kàn ọmọ, Linux kò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ má purọ́ fún un.

Ní ti Mac, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ dáradára ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, géèmù rẹ̀ kò pọ̀, ètò rẹ̀ ti ọdún 2019 sì pa ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ tì.

Ní ọjà, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, nọ́ńbà ìran ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí i5-6300U, 6 tí ó tẹ̀lé àmì náà ni ìran rẹ̀. I5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. I5-10210U jẹ́ ìkẹwàá. Fún Linux àti géèmù, ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ìran kẹfà, nítorí ohun tí Proton ń lò láti ya àwòrán kò pé nínú ti ìran kẹrin àti ìkarùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni owó wọn rọjú jù. Bí ẹ bá rí èyí tí ó ní AMD Ryzen, bí irú Ryzen 5 3500U, èmi yóò mú un ṣáájú Intel ọjọ́ orí kan náà: ẹ̀ya tí ń ya àwòrán nínú rẹ̀ lágbára jù, ohun tí Linux fi ń bá a sọ̀rọ̀ sì ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀. RAM kò gbọdọ̀ dín ní 8GB. Ẹ béèrè bóyá 4GB méjì ni tàbí 8GB kan ṣoṣo. Méjì ń mú kí àwòrán yá sí i. SSD ni kí ẹ gbà, kì í ṣe dísìkì àtijọ́ tí ń yí.

Ẹ wo ṣájà pẹ̀lú. Láptọ́ọ̀pù lásán sábà máa ń lo ṣájà 65 wáàtì. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù lè béèrè 180 tàbí 230. Ẹni tí ń tan jẹnẹrétọ̀ ní Masifa mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí nínú oṣù kan. Géèmù ńlá sì lè ju 100GB lọ. Ẹ ṣírò owó dátà mọ́ owó kọ̀ǹpútà.

Kí àwọn tí ń ra nǹkan ránṣẹ́ láti Côte d'Ivoire gbọ́ èyí: kíbọọ̀dù tiwọn jẹ́ ti Faransé, A wà níbi tí Q yẹ kí ó wà, Z sì gba ipò W. Ọmọ tí ó ń fi W, A, S, D rìn nínú géèmù yóò dàrú. Kò tó ìdí láti dá ẹ̀rọ náà padà. A lè yí i sí ti Gẹ̀ẹ́sì nínú Linux láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí a kọ sójú bọ́tìnnì nìkan ni kò ní bá a mu. Ibẹ̀ kan náà ni kíbọọ̀dù Yorùbá wà, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú fíláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ lọ sí ìsọ̀. Kọ̀ǹpútà lè ti ara fíláàṣì náà tàn láì fọwọ́ kan Windows tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó mú Wi-Fi, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ó ń jí padà nígbà tí ẹ bá pa á dé tí ẹ sì tún ṣí i. Bí oníṣòwò bá kọ̀ kí ẹ dán an wò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.