Ajílẹ̀ Òkun: Ohun tí ó ń mú Ewéko Wínníwínní inú Òkun Pọ̀ sí i

1. Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí Yorùbá yóò pe nutrient, 'oúnjẹ' ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Èyí kò burú bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ènìyàn tàbí ẹran. Ṣùgbọ́n bí àyọkà bá dá lórí àwọn ewéko wínníwínní tí ó ń léfòó nínú òkun, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní phytoplankton, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, yóò sì da olùdánwò láàmú nígbà tí ó bá fẹ́ fún un ní máàkì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí, a ó sì dábàá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu.

2. Oúnjẹ kọ́, ajílẹ̀ ni

Iṣẹ́ tí àwọn ohun wọ̀nyí ń ṣe ni a fi ń pè wọ́n ní ewéko. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ewéko gidi. Ojú lásán kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí à ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ní gbogbo ayé, ọwọ́ wọn ni ó wà. Bí àgbàdo ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ ni àwọn náà ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń fà láti inú omi ni náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, irin àti irú wọn. Àgbẹ̀ kì í sọ pé òun fún àgbàdo ní oúnjẹ. Ajílẹ̀ ni ó ń sọ pé òun fi sí i. Ìdí nìyí tí a fi dábàá 'ajílẹ̀ òkun'.

Ẹnìkan lè sọ pé òkun kì í ṣe ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ojú omi ni a mọ ọkọ̀ sí tẹ́lẹ̀, kí a tó fi pe ti orí ilẹ̀ àti ti òfuurufú.

3. Èyí tí ó kù díẹ̀ jù ni ó ń pàṣẹ

Iṣẹ́ tí Alfred Redfield, ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1934 fi hàn pé ìwọ̀n kan wà: fún átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 tí ó wà lára àwọn ewéko yìí, náítírójìn máa ń tó nǹkan bí 16, kábọ́nì sì máa ń tó 106. Bí simẹ́ǹtì bá tán lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù, òkìtì iyanrìn kò lè di búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú òkun. Ní ọ̀pọ̀ agbami tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, náítírójìn ni ó ń kọ́kọ́ tán.

Ṣùgbọ́n nínú òkun tí ó yí Antarctica ká, àti ní apá kan òkun Pàsífíìkì, náítírójìn wà lójú omi, ewéko kò sì pọ̀ tó bí ó ti yẹ. John Martin sọ pé irin ni kò tó. Ní 1993, lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da irin sínú òkun nítòsí erékùṣù Galápagos, ewéko ibẹ̀ sì pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1995, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Ìmọ́lẹ̀ lókè, ajílẹ̀ nísàlẹ̀

Bí àwọn ewéko yìí bá kú, wọ́n ń rì, ajílẹ̀ ara wọn a sì bá wọn lọ sísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó lè mú ewéko dàgbà kì í sì í kọjá nǹkan bí 200 mítà nínú omi tí ó mọ́ jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àfi kí omi ìsàlẹ̀ gòkè.

Àpẹẹrẹ èyí wà nítòsí wa. Láti nǹkan bí oṣù Júláì títí di Sẹ́tẹ́ńbà, omi tútù máa ń gòkè wá sí etíkun Côte d'Ivoire àti ti Gánà. Ó ń gbé ajílẹ̀ wá, ewéko ń pọ̀, ẹja ṣàwá ń pọ̀, ọwọ́ apẹja sì ń dẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀: eruku Sàhárà, irú èyí tí à ń rí nígbà ọyẹ́, ń gbé irin lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì.

5. Bí ó bá pọ̀ jù

Ajílẹ̀ oko tí odò Mississippi ń wọ́ lọ sí apá òkun tí à ń pè ní Gulf of Mexico máa ń mú ewéko pọ̀ kọjá àlà. Bí wọ́n bá kú tí wọ́n sì ń jẹrà, afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn inú omi ìsàlẹ̀ a tán. Ẹja tí ó bá lè sá a sá. Èyí tí kò bá lè sá a kú.

6. Àsọkágbá

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé 'bí ajílẹ̀ bá ti ń pọ̀ ni ewéko ń pọ̀' kò tíì dáhùn tán. Ohun tí ó yẹ kí a máa wò ni pé: ṣé ó mọ èyí tí ó kù díẹ̀ jù? Ṣé ó mọ bóyá ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀? Ṣé ó mọ ọ̀nà tí ajílẹ̀ gbà dé ojú omi? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, tí ó sì lo 'èròjà' dípò 'ajílẹ̀', kí a má ṣe gé máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo 'oúnjẹ', kí a wò ó dáadáa bóyá òye rẹ̀ kò ti ṣìnà.