Inú Omi Ni Ẹsẹ̀ Ti Kọ́kọ́ Hù

Nígbà tí omi ọ̀sà bá fà ní àyíká Ìjọ́rà àti Àpápá, tí ẹrẹ̀ dúdú sì yọ síta níbi tí igi ẹ̀gbà bá ṣẹ́kù sí, ẹja kékeré kan a máa jáde wá sórí ẹrẹ̀ náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ sókè orí bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Lẹbẹ àyà rẹ̀ ni ó fi ń ti ara rẹ̀ síwájú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tí ó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Bí ó bá sì gbúròó ènìyàn, a fò, ó di inú ihò. Periophthalmus barbarus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ni ó sì wà ní etí òkun.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti rí ẹja yìí, tí ó sì ti gbọ́ ní kíláàsì pé láti inú omi ni àwọn ẹ̀dá eléegun-ẹ̀yìn ti gòkè wá, kò ní ṣàì bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé: “Ṣé èyí ni ó ń di ọ̀pọ̀lọ́ lọ?” “Bẹ́ẹ̀ ni” ni èsì tí ó máa ń yá lẹ́nu. Ó dùn ún sọ, ó sì rọrùn láti yà sójú pátákó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ egungun àtijọ́ ni ó fi ibi tí àṣìṣe náà wà hàn gbangba.

Ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti àwọn ìbátan wọn ni a lè pè ní ẹ̀dá agbómi-gbélẹ̀. Inú omi ni púpọ̀ nínú wọn ń yé ẹyin sí. Légbénlègbé tí ó jáde nínú ẹyin náà ń mí bí ẹja. Ìgbà tí ó bá dàgbà ni ó tó hu ẹsẹ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó kọ́kọ́ gbé irú ìgbé-ayé yìí, tí ìran alángbá, ẹyẹ, màlúù àti ènìyàn pẹ̀lú ti ara ẹbí wọn jáde, ti wà láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 365 sẹ́yìn. Òkú wọn rì sínú ẹrẹ̀ odò, iyanrìn bò wọ́n, èròjà inú omi sì wọ inú egungun wọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkúta.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún ogún, àlàyé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà nì, Alfred Romer, ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ lé. Ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó fà á. Adágún omi gbẹ. Ẹja tí lẹbẹ rẹ̀ lágbára wọ́ ara rẹ̀ lọ sí adágún mìíràn, ó sì là. Èyí tí kò lè wọ́ kú síbẹ̀. Láti ìran dé ìran, lẹbẹ di ẹsẹ̀. Ìtàn náà mọ́gbọ́n dání, ó sì jọ ohun tí ẹja orí ẹrẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé egungun tí a lè fi dán an wò kò tó nǹkan. Ichthyostega, tí àwọn ará Swídìnì rí ní Greenland ní àwọn ọdún 1930, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó pé, ìka márùn-ún ni wọ́n sì yà sí i lẹ́sẹ̀, nítorí pé márùn-ún ni gbogbo ayé ń retí.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Jennifer Clack, obìnrin onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge. Kì í ṣe orí yìnyín ni ó ti kọ́kọ́ rí ohun tí ó ń wá. Inú dúrọ́ọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, John Nicholson, ti lọ sí ìlà-oòrùn Greenland ní 1970 láti ṣèwádìí nípa òkúta. Ó kó díẹ̀ bọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé egungun orí Ichthyostega pọ̀ ní ibì kan báyìí. Ìwé àti òkúta wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. (Àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú àká ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n: ohun tí a kọ orúkọ sí tí a sì tò síbi tí ó yẹ kò tíì sọnù.) Ní 1987, Clack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé Nicholson ṣe amọ̀nà, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì bá egungun ẹ̀dá mìíràn tí ó ń jẹ́ Acanthostega.

Gbígbẹ́ òkúta kúrò lára egungun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ojoojúmọ́ ni a fi abẹ́rẹ́ hó o díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ Acanthostega yọ síta tán, ìka tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe márùn-ún. Mẹ́jọ ni. Clack àti Michael Coates tẹ ìròyìn náà jáde ní 1990, wọ́n sì fi hàn nínú rẹ̀ pé méje ni ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ichthyostega fúnra rẹ̀. Tulerpeton tí a rí ní Rọ́ṣíà ní mẹ́fà. Ìka márùn-ún tí olúkúlùkù ènìyàn ń wò lọ́wọ́ ara rẹ̀ kì í ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni iye náà tó fìdí múlẹ̀.

Kì í sì ṣe iye ìka nìkan ni ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Acanthostega kò ní ọrùn ọwọ́ tí ó lè gbé ara dúró lórí ilẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ kúrú. Ìrù rẹ̀ ní lẹbẹ gbọọrọ bí ti ẹja, àwọn egungun tí ẹja fi ń mí nínú omi sì ṣì wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀dá yìí ní apá, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ìka, síbẹ̀ omi ni ilé rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe rírìn lórí ilẹ̀ ni ó mú kí ẹsẹ̀ hù. Èrò Clack ni pé inú omi tí kò jìn, tí koríko kún, ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ wúlò. Ìran tí ó dé lẹ́yìn ni ó wá gbé ohun èlò àtijọ́ náà lọ sórí ilẹ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà láàyè nínú odò àti àbàtà ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà. Protopterus annectens ni, ẹja ẹlẹ́dọ̀fóró tí ó máa ń sin ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò sì máa mí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Nínú gbogbo ẹja tí ó wà láyé, ìran ẹlẹ́dọ̀fóró ni ó sún mọ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jù lọ ní ìbátan. Ní 2011, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Chicago tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí i nínú àgbá omi tí ó fi lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó tín-ín-rín bí okùn, gbé ara sókè kúrò ní ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń rìn. Ìka kò sí níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ìrìn ni.

Ẹja orí ẹrẹ̀ ti Ìjọ́rà kò sí lára ẹbí yẹn. Ẹ̀ka mìíràn ni, èyí tí lẹbẹ rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín púpọ̀ tí a tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ tẹ apá ara rẹ̀ yóò bá egungun kan láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, yóò sì bá méjì láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ètò yìí gan-an ni ó wà nínú lẹbẹ Tiktaalik, ẹja onípẹ̀ẹ́ tí Edward Daeschler, Neil Shubin àti Farish Jenkins rí ní àríwá Kánádà ní 2004, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 375. Kò sí nínú lẹbẹ ẹja orí ẹrẹ̀.

Áfíríkà kò sì gbẹ́yìn nínú ìwádìí yìí. Ní 2018, Robert Gess àti Per Ahlberg kéde ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì, Tutusius àti Umzantsia, láti inú òkúta dúdú tí a rí lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Makhanda ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n tó mílíọ̀nù ọdún 360, ibi tí wọ́n gbé nígbà náà sì súnmọ́ òpin ayé ní gúúsù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ilẹ̀ olóoru nìkan ni irú wọn wà. Ní orílẹ̀-èdè Niger, tí ó bá Nàìjíríà pààlà, Christian Sidor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Oumarou Ide àti Abdoulaye Maga wà lára wọn, tẹ ìròyìn Nigerpeton àti Saharastega jáde ní 2005. Àwọn wọ̀nyí kéré lọ́jọ́ orí sí ti Gúúsù Áfíríkà ní ohun tí ó ju mílíọ̀nù ọdún 90 lọ. Orí Nigerpeton gùn bí orí ọ̀nì.

Bí a bá béèrè ìdí tí irú egungun bẹ́ẹ̀ kò fi jáde ní Èkó, òkúta ni yóò dáhùn. Òkúta líle tí Olúmọ wà lára rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ, ooru inú ilẹ̀ ni ó sì dá a: kò sí egungun nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun Ewékorò tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì kún fún ìkarahun, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 60 lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké láyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Iyanrìn tí ó wà lábẹ́ Ìjọ́rà tún kéré sí i. Ilẹ̀ náà dàbí ìwé tí ẹnìkan ti ya àárín rẹ̀ lọ.

Kí ni olùkọ́ yóò wá sọ fún ọmọ tí ó gbé ẹja orí ẹrẹ̀ wá sí kíláàsì nínú agolo? Kí ó sọ fún un pé ẹja yìí gun orí ilẹ̀ láìní ìka, Acanthostega sì ní ìka láìgun orí ilẹ̀. Kí ó ya àwọn méjèèjì sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì bi kíláàsì léèrè èyí tí ó wà ní ìlà ìran ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó kó wọn lọ sí etí omi nígbà tí ọ̀sà bá fà, kí wọ́n wo bí lẹbẹ àyà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì yà á. Ọdọọdún ni a ń fi iyanrìn kún àbàtà etí ọ̀sà, tí a ń gé igi ẹ̀gbà. Ibi tí a ti lè ṣe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láìwọ ọkọ̀ kò pọ̀ mọ́.